Àlejò Tó Wà Lábẹ́ Kọ́ọ̀dù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Kò-tíì-tó tún ti dá orin mi padà. Kò sí "o kú iṣẹ́", kò sí "mo ti gbọ́ ọ". Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kọ ránṣẹ́: kò tíì tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ tí mo sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń ṣe fíìmù ni, fíìmù abanilẹ́rù, mo sì ti fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ní báyìí tí mo ti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù tí mo fẹ́ràn.

Mo pè é. Ó ní ibi tí obìnrin inú fíìmù náà ti ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni orin mi ti ń da gbogbo nǹkan rú. Obìnrin yẹn ò rí nǹkan kan nínú yàrá kankan. Orin ló yẹ kó dẹ́rù bani. Ó ní, "Kọ́ọ̀dù tìẹ ń sọ fún èèyàn pé káàbọ̀ sílé. Èmi fẹ́ èyí tó máa sọ fún un pé ẹnì kan ti wà nílé ṣáájú ẹ̀."

Ó dùn mí, torí pé òótọ́ ni. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin, ìdì nóòtì tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà — yípo, yípo, yípo, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Àtìgbà tí mo ti ra kíbọọ̀dù ni mo ti ń lo mẹ́rin yẹn. Mo máa ń yí bíìtì wọn padà, mo máa ń yí ohùn wọn padà, lónìí dùùrù, lọ́la fèrè. Àwọn kan náà ni lábẹ́ aṣọ.

Ìparí oṣù ló fún mi. Tí kò bá tíì tó nígbà yẹn, ẹlòmíràn ló máa gbé e fún. Mo fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ nítorí orin yìí. Mo sọ fún gbogbo ẹbí pé etí mi ni màá fi jẹun, mo sì pariwo ẹ̀ débi pé kò sí ibi tí mo lè gbà padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo lẹ fóòmù àtijọ́ mọ́ ògiri kí ariwo tèmi má baà jáde, kí ti Àǹtí Abẹ́rẹ́ má sì wọlé. Yàrá iwájú ló ti ń ránṣọ, ògiri kan péré ló là wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é bó ṣe yẹ; inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní "ó". Tó bá fi lè kà á, ìta ni màá sùn.

Iṣẹ́ òní: mo yí ìjókòó kọ́ọ̀dù padà. Nóòtì tó máa ń wà nísàlẹ̀, mo gbé e sókè, ti àárín wá di ìpìlẹ̀. Àwọn nóòtì kan náà ni, àmọ́ kọ́ọ̀dù náà wá dà bí ẹni tó fi ìdí kan jókòó sétí àga, tó ti fẹ́ dìde. Ó sàn díẹ̀. Kò tíì tó — ẹ wo bí ọkùnrin yìí ṣe ti wọ̀ mí lẹ́nu.

Nǹkan kan ń kùn nínú yàrá. Ohùn ìsàlẹ̀, kò lágbára, kò sì dákẹ́. Fíríìjì ni.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Mo yọ wáyà fíríìjì. Ó ṣì ń kùn. Àǹtí náà ń kùn, ẹja rẹ̀ ti yọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Iṣẹ́ lọ dáadáa. Ìka mẹ́ta ni gbogbo èèyàn fi ń tẹ kọ́ọ̀dù. Mo fi ìka kẹrin kún un. Ìka kẹrin yẹn ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo yá kọ́ọ̀dù kan láti ìdílé oníbànújẹ́. Orin ń lọ nínú ìdùnnú ẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dé orí ẹ̀kẹta, ojú ọjọ́ ṣú lójijì, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí. Mo tún ń fi ìka kan sílẹ̀ sẹ́yìn: àwọn yòókù ti bọ́ sórí kọ́ọ̀dù tó kàn, òun ṣì wà lórí ti tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń lé jáde nílé tó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Mo pe Àǹtí kó wá gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn. Ó ní ó dà bí ẹni tó fẹ́ sín, tí sísín náà wá yí padà. Mo bi í pé ṣé ìyẹn dáa ni àbí kò dáa. Ó ní, "Ṣé ó dáa kéèyàn má rí i sín?" Ó padà sídìí maṣíìnì ẹ̀.

Màmá náà wọlé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé látìgbà tí Bàbá ti lọ. Etí wọn ti dí tipẹ́, kí n tó jáde ilé ìwé ló ti dí tán. Ẹnu wa ni wọ́n ń wò láti mọ ohun tí à ń sọ. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Wọ́n ní ọkọ̀ ńlá kan ń kọjá nínú ẹ̀. Béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn yẹn, ni wọ́n ń sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi béèsì ọ̀hún ò tíì pọ̀ rárá, ṣe ni mo tún fi kún un nígbà tí wọ́n jáde.

Ohùn yẹn ṣì wà. Bóyá ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè fún àwọn ará òkè ni. Mo ti sọ ọ́ ní Àlejò, nígbà tí kò ti fẹ́ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Mo ti rí i! Mo ti rí i, mo ti rí i.

Àǹtí àti Màmá lọ kí àwọn èèyàn wọn, ilé pa lọ́lọ́. Àlejò ń kùn lọ́wọ́ tiẹ̀. Mo kàn ń fi ṣeré ni, mo ń wá a lórí kíbọọ̀dù: fa ló ń kọ, fa inú do-re-mi-fa, fa ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo wá tẹ kọ́ọ̀dù mi mẹ́rin sórí ẹ̀, jẹ́jẹ́. Gbogbo irun ara mi dìde.

Kò ṣe nǹkan kan, ó kàn dúró ni. Àwọn kọ́ọ̀dù ń yí padà lórí ẹ̀, òun ò mira. Èkíní bá a mu. Èkejì fara mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo yá yẹn, kọjú ìjà sí i débi pé mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀kẹrin fẹ́ parí ìjà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dénú. Ó yẹ kí n ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Àwọn tó ń tẹ dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣe é: ẹsẹ̀ kan á dúró sórí nóòtì kan, ọwọ́ á máa rìn kiri lókè. Tí ìsàlẹ̀ bá ti kọ̀ tí kò yí, gbogbo ohun tó ń yí lókè á di ohun ìfura.

Ẹnì kan ti wà nílé ṣáájú ẹ̀. Ohun tí Kò-tíì-tó ń wá gan-an nìyí.

Mo gbìyànjú kí n fi kọ̀mpútà ṣe fa ìsàlẹ̀. Kò rí bákan náà. Ti kọ̀mpútà mọ́ jù, bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí. Ti Àlejò ní èémí nínú. Òun gan-an ni màá gbà sílẹ̀. Mo jó yí yàrá ká, èmi nìkan, bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo gbé máìkì sí igun yàrá, ẹ̀bá ògiri. Mo lọ bẹ Àǹtí pé kó dá maṣíìnì dúró fún mi. Ó ní kí ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀? Mo ní nǹkan tó ń kùn yìí ni. Ó ní kí ló ń kùn? Mo ní ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni? Ó tẹ́tí, ó tún tẹ́tí, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan o, àwọn tó ni aṣọ ń retí òun, àti pé èyí tí òun ò rí rí ni kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dákẹ́ fún ẹni tó ń gba afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ó kàn fún mi láyè díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ kí n tó parí.

Maṣíìnì ti ba etí ẹ̀ jẹ́. Mi ò sọ ọ́ síta. Ẹni tó jókòó ti ariwo yẹn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí etí gbọ́ ohun tó fara sin?

Lójú kọ̀mpútà, ìlà tí mo gbà sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Máìkì yìí kì í fẹ́ràn ohùn ìsàlẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Mo gbé e sókè gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́ — òun rèé, kedere, Àlejò mi. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ kọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Mo ti fi ránṣẹ́. Mo fọ́nnu nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi tẹ̀ lé e: pé kó dúró dáadáa gbọ́ nóòtì tó wà lábẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Kò-tíì-tó ò tíì fèsì. Nídìí oúnjẹ, Àǹtí bínú, ó ní òun ti ń pè mí tipẹ́, mo ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mi ò gbọ́ ni. Mo ní ọkàn mi wà lórí iṣẹ́. Nígbà tó yá, Màmá gbé àwo wọn, wọ́n dìde lápá òsì mi, wọ́n wá jókòó sápá ọ̀tún.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Kò-tíì-tó pè. Ó ní kọ́ọ̀dù ti dára sí i, ó tiẹ̀ ya òun lẹ́nu. Ibo wá ni nóòtì tí mo ń fọ́nnu lé lórí wà? Mo ní ó wà lábẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ohun tó wà lábẹ́ ni afẹ́fẹ́, àti ẹnì kan tó ń ránṣọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó tún ní béèsì mi ń gbọn àga tí òun jókòó lé, ṣé mo fẹ́ wó ilé òun ni.

Mo ní kó lọ wá sípíkà gidi. Ó ní èyí tí òun ní yìí, irú ẹ̀ ni wọ́n ń lò nílé sinimá. Mo pa fóònù. Adití ni. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ ọ́ sí i lójú. Adití paraku.

Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀ ni mo kíyè sí i pé etí ọ̀tún ni mo fi gbọ́ ọ. Ti òsì ni mo máa ń lò tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo pààrọ̀ ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ fi hàn án pé ó wà níbẹ̀. Mo pa kọ́ọ̀dù, mo pa béèsì, mo fi ìlà Àlejò nìkan sílẹ̀. Ó ń kùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo wá pa ìlà Àlejò náà kí n lè gbọ́ ìyàtọ̀.

Kò sí ìyàtọ̀.

Mo pa sípíkà. Mo pa kọ̀mpútà. Mo pa iná gbogbo ilé láti ìdí mítà, Àǹtí figbe ta, ó ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Mo jáde. Mo rìn títí dé pápá ilé ìwé, ibi tí kò sí ilé, tí kò sí wáyà, koríko nìkan àti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́ọ̀ọ́kán. Mo dúró láàárín. Fa. Fa ìsàlẹ̀. Mo ki òwú bọ etí méjèèjì. Gbogbo ayé lọ sílẹ̀. Òun nìkan ló lọ sókè.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú koríko pẹ̀lú aṣọ funfun.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Inú orí mi ló wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Mo ń sọ fún ara mi pé ó rẹ̀ mí ni, pé tí mo bá sùn dáadáa á lọ. Mo sùn dáadáa. Ó ti jí kí n tó jí.

Lónìí mo fi íápíìsì sétí, mo ń tẹ nóòtì láti òkè wá sísàlẹ̀. Apá òsì: wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń rẹlẹ̀ sí i — bó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n délẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo ní íápíìsì ti bàjẹ́. Mo yí i padà, mo ki ti òsì bọ etí ọ̀tún. Gbogbo ẹ̀ pé. Íápíìsì ò bàjẹ́.

Ìdí tí béèsì fi ń kéré lójú mi nìyẹn. Garawa ti kún, mo ṣì ń bu omi sí i torí pé mi ò rí ibi tí omi dé. Gbogbo orin tí mo ti ṣe láti ọdún tó kọjá, èwo ni mo ti bà jẹ́ nínú wọn? Àwọn wo ló gbọ́ ọ tí wọ́n kàn ń fi ọ̀wọ̀ dákẹ́? Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní pọ́n ọn lé: ẹ̀rù ń bà mí gidi.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Màmá wá bá mi láàárọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fọwọ́ mú àgbọ̀n mi kí n kọjú sí wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọn ò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ lọ. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí ẹ létí?"

Mo fẹ́ purọ́. Ẹni tó ń wo ẹnu ẹni ò ṣeé purọ́ fún. Mo ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ní ti àwọn dà bí ìkòkò tó ń hó tí wọ́n dé ní ìdérí. Apá òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dìde lọ sí kíṣìnì kí wọ́n lọ sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á débẹ̀, iná ò sí, ìkòkò ò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá wọn ṣe. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún wa rí. Wọ́n ní kí ni àwọn ì bá sọ, pé ká máa retí ẹ̀?

Mo bi wọ́n bóyá ó máa ń dákẹ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Òun ò dákẹ́ o. Àwọn yòókù ló dákẹ́."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tí ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀: pé àwọn ò mọ ọjọ́ tí àwọn gbọ́ ohùn èmi àti Àǹtí kẹ́yìn. Ọjọ́ kan ni ṣá, bí ọjọ́ yòókù, bóyá a tiẹ̀ ń pariwo lọ́jọ́ náà ni, tí àwọn sì ní ká dákẹ́. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí ní apá òsì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì sọ fún Àǹtí, ó di ìgbà tí mo bá parí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Kò-tíì-tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ṣé mo ṣì wà láyé? Oṣù ń lọ.

Mo gbìyànjú kí n sá fún Àlejò. Mo kó gbogbo kọ́ọ̀dù kúrò ládùúgbò fa, mo gbé wọn lọ sókè réré. Èyí tí kò bá ní fa nínú, ó ń bá a jà. Èyí tó bá ní fa nínú, ó sọ ọ́ di tiẹ̀. Kò sí orin tí mo lè ṣe mọ́ tí kò ní sí níbẹ̀.

Àǹtí ń kọrin nídìí maṣíìnì lódìkejì ògiri. Àṣìkọ gbáà, kò mọ ibi tí orin gbé wà. Mo lẹ etí ọ̀tún mọ́ ògiri, mo gbọ́ ọ títí ó fi parí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Dókítà elétí. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kékeré kan tí ògiri ẹ̀ nípọn. Fóòmù wọn dáa ju tèmi lọ. Ìgbàkígbà tí mo bá ti gbọ́ ohùn, kí n nawọ́ sókè. Mo ń nawọ́. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ wò mí láti ojú gíláàsì, ó rọra sọ pé kí n fara balẹ̀, òun ò tíì tẹ nǹkan kan.

Dókítà ní egungun kékeré kan ń gan nínú etí mi, kò jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Òsì ti jìnnà. Ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó máa ń wà nínú ẹbí. Iṣẹ́ abẹ wà fún un: ó ń sàn fáwọn kan, ó ń burú sí i fáwọn mìíràn, òun ò ní tàn mí. Mo bi í pé ìgbà wo ni ọ̀tún máa dà bí òsì. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Mi ò fọwọ́ kan kọ̀mpútà. Mo jókòó, mo ń gbọ́ Àlejò. Mo ní màá gbọ́ ọ tán. Kì í tán.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Mo jí pẹ̀lú ìbínú, ìbínú náà sì wúlò. Tó bá jẹ́ pé inú ilé mi ló fẹ́ máa gbé, á ṣiṣẹ́.

Mo ṣí kọ̀mpútà. Mo mú fa ìsàlẹ̀ tó mọ́ jù yẹn, mo da èémí sí i, mo fi ìdọ̀tí díẹ̀ sí i, mo ń fi wé èyí tó wà nínú orí mi, mo ń tún un ṣe, mo ń tún un ṣe, títí mi ò fi mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́ nínú àwọn méjèèjì. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́. Mo to kọ́ọ̀dù sórí ẹ̀: èkíní fi ìdí kan jókòó, èkejì, ìka kẹrin ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta ṣú, ẹ̀kẹrin fi ìka kan di ilẹ̀kùn mú. Mo tún sún ẹ̀kẹrin yẹn síwájú, kó má ṣe dé nígbà tí etí ń retí ẹ̀. Èèyàn á ti gbé ẹsẹ̀ fún àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Ní ti béèsì, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé etí mọ́. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n lórí kọ̀mpútà, mo sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà bíi ti Màmá. Mo dín in kù, mo dín in kù, títí ọkọ̀ ńlá yẹn fi kọjá lọ.

Mo pe Àǹtí. Ó jókòó, kò yọ mí lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Kò tíì dé ìdajì tó fi nawọ́: kí n pa á, kí n jọ̀ọ́ pa á, kí nìyẹn lábẹ́ ẹ̀, báwo ni mo ṣe ń jókòó tì í látàárọ̀? Mo pa á. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Hẹ̀ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mà dùn o." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù ti ba òun tó, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi.

Mo jowú ẹ̀. Mo jowú ẹ̀gbọ́n mi débi pé mi ò lè wò ó lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Kò-tíì-tó pè. Ó wá ní, "Ó tó."

Ó ní òun gbọ́ ọ tán, òun sì dìde lọ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé òun wà ní títì, lọ́sàn-án gangan. Gbogbo fíìmù náà ti di tèmi. Òmíràn tún ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tèmi náà ni. Lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo ní kò sí wàhálà, sà.

Ó yẹ kí n wá orúkọ tuntun fún un.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Mi ò ṣiṣẹ́ lónìí. Láti ọjọ́ Ẹtì ni kọ̀mpútà ti wà ní pípa. Mo ń fún etí ọ̀tún nísinmi. Èmi àti Màmá jókòó sí yàrá iwájú, à ń bá Àǹtí já òwú kúrò lára aṣọ tó ti rán. Mo ti pinnu pé òní ni màá sọ fún un. Mo ń wá ibi tí màá ti mú ọ̀rọ̀ náà, mo ti wá a láti ìgbà tí a ti jẹun àárọ̀.

Ó dá maṣíìnì dúró. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìwọ, ṣé o ò ní lọ pa nǹkan yẹn ni? Àtàná ló ti ń kùn sí mi létí."

Mo ní kí lẹ wí?

Ó ní nǹkan abẹ́ orin mi yẹn ni, pé mo fi sílẹ̀ lórí kọ̀mpútà, tí mo wá jókòó síbí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kò bínú. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Màmá ti gbé aṣọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Ẹnu Àǹtí ni wọ́n ń wò.

Mo dìde. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo dúró níwájú kọ̀mpútà tó ṣókùnkùn, mo tẹ bọ́tìnnì kíbọọ̀dù kan kó lè gbọ́ pé mo tẹ nǹkan. Mo ké sí i láti ibẹ̀ pé ṣé ó ti dákẹ́.

Ó ní rárá, kí n tẹ òmíràn.